Àdéhùn Kọ́ Ló Wọ́ Wọn Lọ Sógun ní 1914

Nínú gbogbo ká-ní tí àwa tí a fẹ́ràn ìtàn ogun máa ń ṣe, ti awakọ̀ Sarajevo ló gbajúmọ̀ jù. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ní ọjọ́ 28, oṣù Òkudù, ọdún 1914, Leopold Lojka, ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Austria-Hungary, yà sí òpópónà tí kò yẹ kó yà sí. Wọ́n pariwo mọ́ ọn pé ó ti ṣìnà, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì dúró gbọnrangandan níwájú Gavrilo Princip, ọmọ ọdún 19 tó ti ń rò pé iṣẹ́ tí òun wá ṣe ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì. Àrólé kú, Sophie ìyàwó rẹ̀ náà kú. Wọ́n á wá ní, ká ní awakọ̀ yẹn ò ṣìnà, bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ọmọ ogun tí Ogun Àgbáyé Kìíní pa ì bá padà sílé.

Ká-ní yẹn kì í dùn mọ́ mi. Òótọ́ ni pé awakọ̀ náà ṣìnà, n ò jiyàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó sọ ogun tó gba ọdún mẹ́rin gbáko di àgbákò lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ló wà láàrin ìbọn Princip àti ìwé ìhàlẹ̀ tí Vienna, olú-ìlú Austria-Hungary, fi ránṣẹ́ sí Sérbíà, tí wọ́n di ẹ̀bi ìpànìyàn náà rù, ní ọjọ́ 23, oṣù Agẹmọ. Àwọn àgbà ìjọba tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ láti fi rò ó kí wọ́n tún un rò, ẹ̀bi wọn ò ṣeé dì rù awakọ̀.

Èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ tún wà, ìyẹn ti okùn àdéhùn. Wọ́n á yàwòrán apá méjì sójú pátákó: Jámánì, Austria-Hungary àti Ítálì lápá kan; Faransé, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Olùkọ́ á ní àwọn ìjọba wọ̀nyí dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ okùn kan náà, bí ọ̀kan bá ti já sí kòtò, ó parí, gbogbo wọn ló ń bọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ká ní kò sí àdéhùn, ìjà Austria-Hungary àti Sérbíà ì bá mọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti há sórí fún ìdánwò. Mo gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí gbogbo ẹni tó jókòó nínú kíláàsì yẹn ṣe gbà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ okùn náà wò, ká mọ̀ bóyá ó lágbára tó bí wọ́n ṣe ní ó lágbára.

Láti 1882 ni Ítálì ti ń bá Jámánì àti Austria-Hungary mulẹ̀, 1912 sì ni wọ́n tún ìmùlẹ̀ náà ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí ogun dé, Róòmù ṣí ìwé, wọ́n kà á tinútẹ̀yìn, wọ́n rí i pé bí ẹlòmíì bá kọlu ọ̀kan nínú wọn ni ìwé ọ̀hún sọ̀rọ̀ bá. Austria-Hungary ló sì gbé ogun lọ bá Sérbíà, láì tilẹ̀ fi tó Ítálì létí ṣáájú. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ògún, Ítálì kéde pé òun ò dá sí i. Kó tó pé ọdún kan, ní oṣù Igbe 1915, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀kọ̀ ní London pẹ̀lú apá kejì, wọ́n gba ìlérí ilẹ̀ Trentino, Trieste àti díẹ̀ nínú Dalmatia. Ní ọjọ́ 23, oṣù Èbìbí, Ítálì yí ẹnu ìbọn sí Austria-Hungary, ẹni tí wọ́n ti jọ mulẹ̀ ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ti Romaníà tiẹ̀ tún yani lẹ́nu jù ú lọ. Ọmọ Jámánì ni Carol Kìíní tó jọba níbẹ̀, ìdílé Hohenzollern kan náà tó ń jẹ ọba ní Berlin ló ti wá. Láti 1883 ló ti bá apá Jámánì ṣe àdéhùn bòńkẹ́lẹ́, débi pé díẹ̀ péré nínú àwọn olóṣèlú ìlú rẹ̀ ló mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 3, oṣù Ògún, ọjọ́ tí Ítálì yọ ara rẹ̀ náà, ọba kó wọn jọ sí Sinaia, ó sọ fún wọn pé òun ti fọwọ́ sí i, pé iyì òun wà níbẹ̀. Petre Carp nìkan ló dúró tì í. Gbogbo àwọn tó kù ní àwọn ò lọ. Ọba ò rí wọn mú, wọn ò sì lọ. Ó kú ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn, nígbà tó sì di 1916, apá kejì pátápátá ni Romaníà bá jà.

Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì tó jà. Kò sí ìwé kankan tó ní dandan ni kó gbèjà Faransé tàbí Rọ́ṣíà. Àdéhùn tó bá Faransé ṣe ní 1904 dá lórí Íjíbítì àti Mòrókò; èyí tó bá Rọ́ṣíà ṣe ní 1907 dá lórí Páṣíà, Afghanistan àti Tibet. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń pín, kí wọ́n má baà máa forí gbárí. Ìwé kan ṣoṣo tó kan Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ngbọ̀n ni ti 1839 tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Bẹ́ljíọ̀m. Títí di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2, oṣù Ògún, ìgbìmọ̀ ìjọba ní London ṣì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwọn kan ti múra àtikọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìgbà tí Jámánì kọjú sí Bẹ́ljíọ̀m ni ohùn wọn ṣọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, John Morley àti John Burns nìkan ló lọ nínú àwọn mínísítà.

Méjì nínú àwọn tí wọ́n ti mulẹ̀ ò gbèjà ẹni tí wọ́n bá mulẹ̀, ẹni tí kò mulẹ̀ sì jà. Bí okùn bá rí báyìí, mi ò mọ ohun tó so.

Ohun tí mo wá ń wò báyìí nínú ká-ní ni pé, ṣé ohun tí ẹ̀ ń yí padà wà níkàwọ́ ẹnìkan nígbà yẹn, tí ẹni náà sì ní àyè láti ṣe é lọ́nà mìíràn? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, eré ọmọdé ni.

Lójú mi, Franz Ferdinand fúnra rẹ̀ yẹ fún ká-ní tó dára ju ti awakọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn gbà pé òkú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó jẹ́ nígbà tó wà láàyè gan-an ló yẹ kí wọ́n wò. Conrad von Hötzendorf, olórí àwọn ọ̀gágun Austria-Hungary, ò ní orin méjì ju pé ká bá Sérbíà jà. Ní 1913 nìkan, ó lé ní ogún ìgbà tó dá a lábàá. Ẹni tó sì ń dá a dúró jù ní ààfin ni Franz Ferdinand. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àwọn ará Sérbíà o, kò fẹ́ràn wọn rárá. Ó kàn mọ̀ pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan Sérbíà, Rọ́ṣíà á dìde, ìyẹn ni yóò sì fọ́ ilé tí òun ń retí láti jogún. Franz Josef, bàbá àgbà ẹni ọdún 83 tó wà lórí ìtẹ́, ti rẹ̀. Nígbà tí àrólé kú, István Tisza, olórí ìjọba Hungary, nìkan ló kù tó ń fà sẹ́yìn, òun náà sì gbà fún wọn ní ọjọ́ 14, oṣù Agẹmọ. Nítorí náà, bí ìbọn Princip bá pa ẹlòmíì ní ààfin náà, ká sọ pé Conrad gan-an ló pa, ìbínú á wà, ẹ̀sùn á wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá sọ pé ẹ mú sùúrù ṣì wà láàyè. Mi ò sọ pé ogun ò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Mo ní kì í ṣe ní oṣù Agẹmọ 1914.

Ká-ní kejì, omi ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ 24, oṣù Agẹmọ, ọdún 1905, Wilhelm ti Jámánì àti Nicholas ti Rọ́ṣíà pàdé nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn ní Björkö, ní etíkun Finland. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, Willy àti Nicky ni wọ́n ń pe ara wọn nínú ìwé. Inú Nicholas bàjẹ́ gan-an lásìkò náà, nítorí ní oṣù Èbìbí ọdún yẹn ni àwọn Jàpáánì ri ọkọ̀ ogun rẹ̀ ní Tsushima. Wilhelm yọ ìwé kan jáde: bí ìjọba Yúróòpù kankan bá kọlu ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, èkejì yóò fi gbogbo ogun orí ilẹ̀ àti ti orí omi rẹ̀ gbè é ní Yúróòpù. Nicholas fọwọ́ sí i. Ẹ fojú inú wò ó: Jámánì àti Rọ́ṣíà lápá kan náà, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú 1914! Ta ni Austria-Hungary fẹ́ fi Jámánì dẹ́rù bà nígbà yẹn?

Nígbà tí ìwé náà délé, ilé kọ̀ ọ́. Ní Berlin, Bülow, olórí ìjọba Jámánì, ní "ní Yúróòpù" tí wọ́n kọ síbẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ di yẹpẹrẹ, nítorí Íńdíà ni Rọ́ṣíà ti lè ṣe Gẹ̀ẹ́sì lọ́ṣẹ́. Ó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, Wilhelm sì ń bẹ̀ ẹ́. Ní St. Petersburg, Witte àti Lamsdorff, àwọn àgbà ìjọba ibẹ̀, rán ọba wọn létí pé ó ti ní àdéhùn pẹ̀lú Faransé tẹ́lẹ̀. Wọn ò ní láti pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àpò ìjọba ti gbẹ. Ní oṣù Igbe 1906, Rọ́ṣíà lọ yá owó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Faransé: gbogbo rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù méjì àti mílíọ̀nù 250 owó fráǹkì. Ọba méjì fọwọ́ síwèé, àwọn tó ní owó lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé ká-ní Björkö gẹ̀gẹ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń gbé e. Ó dùn, àmọ́ láti jẹ́ kó dúró, ẹ ní láti yí gbèsè Rọ́ṣíà padà ná.

Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ 1, oṣù Ògún, 1914, Wilhelm ti fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ọmọ ogun Jámánì jáde. Kò pẹ́ ni wáyà dé láti London, láti ọ̀dọ̀ Lichnowsky, aṣojú wọn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kà nínú rẹ̀ ni pé bí Jámánì ò bá kọlu Faransé, Gẹ̀ẹ́sì ò ní dá sí i, á sì ríi pé Faransé náà jókòó jẹ́ẹ́. Wilhelm ní kí wọ́n gbé ṣanpéènì wá. Ó kọjú sí Moltke, olórí àwọn ọ̀gágun, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo ogun lọ sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n lọ bá Rọ́ṣíà. Moltke ní kò ṣeé ṣe. Ó ní wọn kì í ṣàdédé to mílíọ̀nù ènìyàn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, àti pé tó bá ti wà nílẹ̀, kò ṣeé tún tò. Ọba dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ì bá fún mi lésì tó yàtọ̀. (Helmuth von Moltke àgbà, ẹni tó ṣẹ́gun Faransé ní 1870, ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Moltke kékeré lákínyẹmí ara, kò gbàgbé rẹ̀ títí tó fi kú.) Nígbà tó di alẹ́, wáyà mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé àṣìgbọ́ ni wọ́n gbọ́. Wilhelm ti wọ aṣọ oorun, ó gbé ẹ̀wù àwọ̀lékè lé e, ó ní kí Moltke máa ṣe ohun tó bá wù ú.

Mo ti ka ìtàn alẹ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ló dé tí kò fi sí ètò kejì? Ó wà rí. Ọ́fíìsì àwọn ọ̀gágun Jámánì máa ń ṣe ètò ogun ìlà-oòrùn lọ́tọ̀, wọ́n á sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ní 1913 ni wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí ọ̀tá bá tilẹ̀ jẹ́ Rọ́ṣíà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ya Bẹ́ljíọ̀m kọjá, kí wọ́n lọ bá Faransé. Ká ní ètò kejì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ní 1914, Jámánì ì bá lè dúró lórí ẹnubodè Faransé kó máa gbèjà ara rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀m ì bá wà láìfarapa, àwọn mínísítà London tó ń fà sẹ́yìn ì bá sì rí ibi fẹ̀yìn tì. Èyí bá ìlànà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan mu: ọ́fíìsì kan ni, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ní ọdún kan láti fi tún èrò wọn pa.

Rọ́ṣíà náà ní tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Agẹmọ, Nicholas pàṣẹ kí gbogbo ogun jáde, wáyà Wilhelm dé, ó fagi lé e. Lọ́jọ́ kejì, Sazonov, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Yanushkevich, olórí àwọn ọ̀gágun, ti sọ fún Sazonov ṣáájú pé bí àṣẹ bá ti tẹ òun lọ́wọ́, òun á fọ́ tẹlifóònù òun mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí òun bá sọ pé kí òun dáwọ́ dúró. Sazonov pè é, ó ní ó lè fọ́ tẹlifóònù rẹ̀ báyìí.

Mo fẹ́ kan Túrkì díẹ̀, nítorí ká-ní tirẹ̀ ni mo máa ń rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe láìwo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé. Wọ́n ní ká ní Winston Churchill, mínísítà ọkọ̀ ogun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò gba ọkọ̀ ogun méjì tí Túrkì rà, Túrkì ì bá má bá Jámánì lọ. Òótọ́ ni pé ìwà yẹn burú. Sultan Osman àti Reşadiye ni orúkọ ọkọ̀ náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn wọ́n, owó tí àwọn mẹ̀kúnnù dá wà nínú rẹ̀, àwọn atukọ̀ Túrkì sì ti dé etí odò Tyne, wọ́n ń dúró kí wọ́n ta àsíá wọn sókè. Gẹ̀ẹ́sì ṣáà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbínú tó tẹ̀lé e ní Istanbul kò kéré. Àmọ́ Enver, mínísítà ogun, ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Jámánì kó tó di pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Ògún ni wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn mínísítà mìíràn ní ìjọba kan náà ò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tó tún wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé àdéhùn yẹn ò mú Túrkì jà. Oṣù Ògún kọjá, Owéwe kọjá, ó ń wo ojú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì méjì, Goeben àti Breslau, sá fún Gẹ̀ẹ́sì wọ Dardanelles, ojú omi tóóró ilẹ̀ Túrkì, ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún. Wọ́n ní Túrkì ti rà wọ́n, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ tuntun, wọ́n dé fìlà Túrkì fún àwọn atukọ̀ Jámánì inú wọn. Lẹ́yìn tí góòlù dé láti Berlin ní oṣù Ọ̀wàrà ni Souchon, ọ̀gá àwọn atukọ̀ náà, lọ yìnbọn sí Odessa, Sevastopol àti Novorossiysk, àwọn ìlú etíkun Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 29. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ méjèèjì fún Túrkì, mo rò pé Enver á ṣì fẹ́ ogun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé ká jókòó nínú ìjọba yẹn ì bá ní ohun tí wọ́n á tọ́ka sí. Kí Souchon tó rí àyè yìnbọn, ó lè di oṣù mélòó kan sí i. Bí Túrkì bá sì jókòó títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù ní 1915, kò sí ogun Gallipoli tí wọ́n jà létí Dardanelles, ọkà Rọ́ṣíà á sì máa gba Dardanelles kọjá lọ sọ́jà.

Ká-ní tó kù, àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: ká ní Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì mulẹ̀. Kò jìnnà sí ṣíṣe. Ní oṣù Belu ọdún 1899, Joseph Chamberlain, mínísítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde ní Leicester, ó ní ìmùlẹ̀ tó bójú mu jù ni èyí tó wà láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Bülow dá a lóhùn pẹ̀lú ojú dídì ní Berlin, ọ̀rọ̀ náà rá lọ rá bọ̀ títí ó fi kú ní 1901. Wọ́n máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé àlàáfíà lásán ni ì bá tibẹ̀ jáde. Wọn kì í wo ibi tí owó rẹ̀ ti máa jáde. Ní 1898, àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé bòńkẹ́lẹ́ kan: bí Pọtogí bá jẹ gbèsè tí kò lè san, wọ́n á pín Àngólà àti Mòsáḿbíìkì láàrin ara wọn. Ní 1913 wọ́n tún mú un jáde, wọ́n tún pín in lórí ìwé. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní Àngólà. Ní 1911 bákan náà, kí Jámánì lè fi Mòrókò sílẹ̀ fún Faransé, Faransé gé ilẹ̀ ńlá kan láàrin gbùngbùn Áfíríkà, ó fi kún Kamẹrúùnù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ra àlàáfíà Yúróòpù láàárọ̀ ogun, ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń ṣe ṣénjì.

Ogun tó wá dé náà gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ ogun láti Nàìjíríà wà lára àwọn tó wọ Kamẹrúùnù ní 1914, Mora ni ibi tí àwọn Jámánì jà sí kẹ́yìn, oṣù Èrèlé 1916 ni wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in: Faransé kó èyí tó pọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì mú ìwọ̀nba tó fara ti Nàìjíríà. Ní oṣù Èrèlé 1961, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò; apá àríwá bá Nàìjíríà lọ, apá gúúsù bá Kamẹrúùnù lọ. Bí Mubi àti Gwoza ṣe di ti Nàìjíríà nìyẹn. Ká ní Bülow gba ọwọ́ tí Chamberlain nà sí i ní 1899, abẹ́ Jámánì ni Mubi ì bá wà títí, ó sì ṣeé ṣe kí Luanda ní Àngólà náà wà lábẹ́ rẹ̀.